Ọdún Tí Olúọdẹ Sin Orí Àgbọ̀nrín

Ohun tí a ti rí ti kọjá lọ,
Ohun tí a kò tíì rí là ń ṣọ́nà fún,
Ilẹ̀kùn tí a kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọlọ́gbọ́n kì í tì í wò;
Àwọn ló díá fún Ọdẹ́níran, Olúọdẹ ìlú Ìdí-Arère,
Ní ọjọ́ tí ẹran inú igbó kò sá fún ọdẹ mọ́,
Tí ọkàn ọdẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ẹran.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe fi lé wa lọ́wọ́ nìyí. N kò fi iyọ̀ sí i, n kò sì yọ ata kúrò níbẹ̀.

Ọdẹ́níran ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún lórí oyè Olúọdẹ. Kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n bí ó bá ń rìn lórí ewé gbígbẹ, ẹyẹ tó bà sórí igi kò ní í fò. Abẹ́fẹ́ ni ìyàwó rẹ̀. Sànyà ni orúkọ àkọ́bí wọn, ó ti dàgbà, ó ti ní ilé tirẹ̀. Ọmọ ìyá Abẹ́fẹ́ kan náà, àbúrò rẹ̀ lọ́kùnrin, ni Ògúnmákin. Òun ni Ọ̀tún Ọdẹ. Ní gbogbo agbègbè náà, kò sí ẹni tó mọ ọfà ta bíi tirẹ̀.

Òfin kan wà ní Ìdí-Arère tí kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹni tó bá pa àgbọ̀nrín gbọ́dọ̀ gbé orí rẹ̀ àti eegun ẹ̀yìn rẹ̀ wá sí ilé Olúọdẹ. Abẹ́fẹ́ ni yóò la orí náà. Yóò yọ ọpọlọ inú rẹ̀, yóò sè é pẹ̀lú ata àti ẹfínrín. Ọdẹ́níran àti àwọn àgbà ọdẹ yóò yí àwo kan ṣoṣo ká, wọn yóò jẹ ẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran. Ọ̀rọ̀ oyè ni. Ẹni tí a kò bá gbé orí ẹran wá fún kì í ṣe Olúọdẹ.

Ní ọdún kan, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú gidigidi, Ọdẹ́níran lọ sí etí odò Awẹrẹ ní òwúrọ̀. Ó rí akọ àgbọ̀nrín kan tó ń mu omi. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọfà sí ọrun. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹran náà. Ó mọ̀ pé yóò gbọ́ òórùn òun, yóò sì sá.

Kò sá.

Ó mu omi títí. Ó gbé orí sókè, ó tún tẹ orí ba, ó tún ń mu. Ọdẹ́níran dìde. Ó wúkọ́. Ẹran náà wò ó bí ẹni tó ń wo igi. Gbogbo egungun ìhà rẹ̀ ló yọ síta. Etí rẹ̀ méjèèjì rọ̀ wálẹ̀. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí okùn. Ó ya ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbàgàdà bí ẹni tí òòyì ń kọ́. Ọdẹ́níran rìn títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó na ọrun rẹ̀, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ kàn án léjìká. Ẹran náà kò yẹra.

Ọdẹ́níran ti pa ẹkùn rí. Ẹfọ̀n ti fi ìwo gbé e rí, ó sì yè é. Ẹ̀rù kò bà á tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Kò ta ẹran náà. Ó fi ẹ̀yìn rìn títí igi fi bò ó mọ́ ọn lójú, ó sì gba ilé lọ lọ́wọ́ òfo.

Kí ọjọ́ méje tó pé, àwọn ọdẹ yòókù náà ti ń rí irú ẹran bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi wò ó yàtọ̀. Ayọ̀ ni wọ́n ń yọ̀. Ẹran tí ọdẹ ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, òun ló wá dúró gbọnrangandan lójú ọ̀nà oko yìí.

Ògúnmákin ní, "Ògún ló da ẹran wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Ẹni tí Ògún bá fún ní nǹkan kì í bi í léèrè ibi tó ti mú un wá."

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, òun àti àwọn ọdẹ yòókù pa mẹ́sàn-án. Gbogbo pẹpẹ tí wọ́n ń yan ẹran sí ní ìlú kún. Orí mẹ́sàn-án àti eegun ẹ̀yìn mẹ́sàn-án sì wọ ilé Olúọdẹ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo.

Abẹ́fẹ́ mú ọ̀bẹ. Ó la orí kìíní. Ó wò ó dáadáa. Ọpọlọ náà funfun bí ti àtẹ̀yìnwá. Kò rùn. Kò ní ìdin. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dúdú. Ó la èkejì, bákan náà ni. Ó bá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó lọ fi eérú fọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún un fọ̀, ó tún un fọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó ti ọkọ rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Sànyà, báwo lẹ ṣe ní ẹran tí ẹ rí létí odò ṣe rí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ fún mi."

Ọdẹ́níran tún un sọ.

Abẹ́fẹ́ ní, "Orí irú ẹran bẹ́ẹ̀ ni mo là yìí. Itọ́ ṣì wà lẹ́nu wọn. Inú orí ni ohun tó dà wọ́n láàmú wà, mo sì la orí, n kò rí nǹkan kan. Bí mo bá rí ìdin, mo mọ ohun tí mo máa ṣe. Bí ó bá rùn, màá dà á nù. Èyí tí kò ní àmì kankan yìí ló ń bà mí lẹ́rù. N kò ní í sè é."

"Àwọn àgbà ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Kí ni kí n gbé ka iwájú wọn?"

"Màá se ẹ̀wà. Tí wọ́n bá ti jẹun tán, kí ẹ lọ béèrè."

Àwọn àgbà jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n sì ń wo ara wọn lójú. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ọdẹ́níran lọ béèrè.

Àwọn awo tí ẹ gbọ́ orúkọ wọn níbẹ̀rẹ̀ ló bá. Ohun-tí-a-ti-rí-ti-kọjá-lọ ló ṣíwájú wọn, àgbàlagbà tó ti ṣe ọdẹ rí kó tó di awo. Kò sí ohun tí Ọdẹ́níran fẹ́ ṣàlàyé nípa igbó tí awo náà kò mọ̀. Ifá dá wọn lóhùn, ó sì dá wọn lóhùn kíá.

Awo ní, "Ọdẹ́níran, Ifá ní àrùn kan ń rìn láàárín àgbọ̀nrín. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Iná ìdáná kò pa á. Iyọ̀ kò pa á. Oòrùn kò pa á. Inú orí àti inú eegun ẹ̀yìn ló ti fìdí kalẹ̀ jù. Bí ẹran tó ní i bá kú, ilẹ̀ ibẹ̀ á gbà á. Koríko ibẹ̀ á gbà á. Ẹran tó bá jẹ koríko náà á gbà á."

Ọdẹ́níran béèrè pé, "Ǹjẹ́ yóò dé ọ̀dọ̀ ènìyàn?"

Awo dáhùn pé:

"Ifá kò sọ pé yóò dé. Ifá kò sì sọ pé kò ní í dé. Ohun tí Ifá sọ ni pé ògiri kan wà láàárín ilé ẹranko àti ilé ènìyàn. Títí di òní, ògiri náà dúró. Kò sí ẹni tó mọ bí ó ṣe nípọn tó. Ẹni tó bá ń jẹ ẹran olókùnrùn yìí, ó ń fi èékánná gbẹ́ ògiri náà ni. Ó lè gbẹ́ ẹ títí ọjọ́ ayé rẹ̀ kó má lu. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀la ni yóò lu. Má ṣe jẹ́ kí ó ti ọwọ́ rẹ lu."

Wọ́n ní ẹbọ ni kí ó rú. Wọ́n ní kí ó mú ẹyẹlé méjì, kí ó mú epo, kí ó mú obì, kí ó sì mú ọ̀bẹ tí Abẹ́fẹ́ fi la orí. Wọ́n ní kí ó wa kòtò tó jìn ju ènìyàn lọ, kí ó jìnnà sí omi, níbi tí ajá kò ti lè hú u. Kí gbogbo orí àti eegun náà wọ inú rẹ̀. Ẹran tí kò bá sá fún ọdẹ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé àgbọ̀nrín tàbí eegun rẹ̀ láti ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn. Àti pé fún ọdún mẹ́ta gbáko, orí àgbọ̀nrín kò gbọ́dọ̀ wọ ilé Olúọdẹ.

Èyí tó kẹ́yìn yìí wọ Ọdẹ́níran lára. Ó dé ilé, ó jókòó, kò fọwọ́ kan omi tí Abẹ́fẹ́ gbé fún un.

Ó ní, "Ìyá Sànyà, ẹyẹlé kò nira. Kòtò kò nira. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá gbé orí wá fún mi, kí ni mo wá jẹ́? Ọdún mẹ́ta! Ta ni yóò máa pè mí ní Olúọdẹ?"

Abẹ́fẹ́ wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Bàbá Sànyà, orí ẹran ni wọ́n ní kí ẹ fi sílẹ̀. Wọn kò ní kí ẹ fi orí yín sílẹ̀."

Ọdẹ́níran gbé igbá omi sókè. Ó mu omi náà. Ó mú ọkọ́, ó jáde. Ó wa ilẹ̀ títí kò fi sí ẹni tó lè rí orí rẹ̀ láti òkè mọ́, Sànyà ọmọ rẹ̀ ló sì fà á jáde. Wọ́n da orí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sínú rẹ̀, wọ́n da eegun sí i, wọ́n da ìkòkò àti àwo náà sí i. Abẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló ju ọ̀bẹ náà sí i. Ọdẹ́níran gbé ẹyẹlé, epo àti obì fún àwọn awo. Ó fún Èṣù ní tirẹ̀. Ó rú ẹbọ náà pé, kò dín in kù.

Ní ọjọ́ kejì, ó pe gbogbo ọdẹ jọ sábẹ́ igi arère. Ó sọ ohun tí Ifá wí fún wọn, kò fi ọ̀kan pamọ́.

Ògúnmákin dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, nítorí ọmọlúàbí ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ olórí kunkun.

"Ẹ̀yin àna mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè ọ̀rọ̀ kan. Láti ìgbà tí àwọn baba wa ti ń jẹ àgbọ̀nrín, ta ni ó pa rí? Ẹ dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo."

Gbogbo ọdẹ wo ẹnu Ọdẹ́níran.

Ó ní, "N kò lè dárúkọ ẹnì kan. Kò tíì pa ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀yin ará?"

"Mo ní kò tíì. Ògúnmákin, àgbọ̀nrín tó dúró de ọdẹ, ṣé baba rẹ rí i rí? Ohun tí baba wa kò rí rí ló dé yìí, a kò lè fi ẹnu baba wa dá a lóhùn. O ní kí n dárúkọ ẹni tó pa. Bí mo bá dúró dìgbà tí mo máa rí orúkọ dá, orúkọ ta lo fẹ́ kí n dá? Tìrẹ ni, àbí ti ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Ṣùgbọ́n Ògúnmákin ti sọ̀rọ̀ jìnnà, ojú sì ń tì í láti padà.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀rùn yìí le. Iṣu kò ta. Ẹran wá bá wa, ẹ ní ká sin ín. Ẹni tó bá ń sin oúnjẹ, ebi ni yóò sin òun náà. Èmi kò bá yín ṣe é."

Ó gbé apó ọfà rẹ̀ kọ́ èjìká. Ọdẹ méje dìde tẹ̀lé e. Wọ́n la odò Awẹrẹ kọjá, wọ́n lọ tẹ̀ dó sí òdì kejì. Ibẹ̀ ni Ògúnmákin ti di Olúọdẹ ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé orí ẹran wá fún un. Èṣù kò dí i lọ́nà. Ẹni tó bá kọ ẹbọ, ọ̀nà rẹ̀ a máa kọ́kọ́ dán ná.

Ọdún kìíní le fún Ìdí-Arère. Ọdẹ́níran pín àwọn ọdẹ tó kù sí etí odò. Àgbọ̀nrín tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bọ̀, wọn á ta á láti òkèèrè. Wọn á fi ewé wé ọwọ́, wọn á fi okùn wọ́ ọ, wọn á sin ín lódindi sínú kòtò tó jìnnà sí omi. Ọdẹ́níran kì í dúró kí ó máa pàṣẹ. Òun náà ń wa ilẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti le láti ara ọrun tún bó láti ara ọkọ́. Ìgbín, òkété àti ẹja àrọ̀ ni ìlú ń jẹ. Ẹnu kì í sì í dákẹ́ lára ẹni tí kò rí ẹran jẹ. Àwọn obìnrin tó ń pọn omi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lórin:

Olúọdẹ wa pa ẹran, ó sin ín o,
Ọbẹ̀ wa ń wá ẹran, kò rí i o,
Asìnkú-Ẹran, ẹ kú ìnáwó òkú!

Abẹ́fẹ́ gbọ́ orin náà létí odò. Ó gbé ìkòkò rẹ̀ rù, ó bá wọn gbè é títí ó fi dé ilé. Láti ọjọ́ náà, orin náà kò dùn wọ́n kọ mọ́.

Ní ọdún kejì, nígbà ọdún Ògún, ìránṣẹ́ kan dé láti òdì kejì odò. Ó fi nǹkan pamọ́ sínú àpò rẹ̀ kọjá àwọn tó ń ṣọ́nà. Itan àgbọ̀nrín ni, wọ́n yan án dáadáa, wọ́n fi ewé gbódògì wé e. Bí ó ṣe tú u, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé kan.

Ó ní, "Ìyá, àbúrò yín ní kí n kí yín kú ọdún. Ó ní kí n sọ fún yín pé itan ni, kì í ṣe orí. Ó ní ẹran náà sá kó tó ta á. Ó ní kí ẹ má bẹ̀rù."

Abẹ́fẹ́ jókòó. Ó ti pẹ́ tó ti jẹ ẹran ńlá kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹran ló ń wò. Ó ń wo bí wọ́n ṣe wé e. Bí ìyá wọn ṣe máa ń wé ẹran ni Ògúnmákin ṣe wé e, tó ká etí ewé náà sínú lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ìyá ẹni gbé oúnjẹ ọdún wá, ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ti kọ ọmọ ìyá rẹ̀.

Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọdẹ́níran ní, "Ọmọ ìyá rẹ ni. Ọwọ́ rẹ lọ̀rọ̀ wà."

Abẹ́fẹ́ gbé ẹran náà, ó gbé ọkọ́. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a wa ilẹ̀. Omijé ń bọ́ sínú kòtò bí ó ṣe ń wa á. Nígbà tó padà, ó di iṣu tuntun mẹ́fà fún ìránṣẹ́ náà.

Ó ní, "Sọ fún un pé mo gba ìfẹ́ rẹ̀. Ẹran rẹ̀ ni mo sin. N kò ní í purọ́ fún ọmọ ìyá mi pé mo jẹ ẹ́."

Nígbà tí Ògúnmákin gbọ́, ó búra pé òun kò tún ní í pe orúkọ ẹ̀gbọ́n òun mọ́. Ó sì pa ìbúra náà mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ọdún kẹta ló wá tú àṣírí. Ní òdì kejì odò, àgbọ̀nrín ń kú bí ewé ìwọ́wé. Eegun èyí tí àwọn ọdẹ jẹ wà káàkiri inú koríko, nítorí wọn kò sin nǹkan kan. Èyí tó wá láti ibòmíràn, tó sanra, tí ara rẹ̀ ń dán, bí ó bá jẹ koríko ibẹ̀, kí ọdún tó yí po, itọ́ á máa dà lẹ́nu òun náà. Ilẹ̀ ti gbà á. Nígbà tó yá, kò sí èyí tó ń bọ̀ mọ́. Igbó náà dákẹ́.

Àgbàlagbà kan wà lára àwọn ọdẹ méje náà, Ajíbóyè lorúkọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ọ̀nà. Ó lọ já ewé lẹ́yìn ahéré, wọ́n ní láti wá a lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á mọ́. Kí òṣù mẹ́rin tó pé, ó kú.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. N kò sọ pé àgbọ̀nrín ló pa Ajíbóyè. Arúgbó ni. Baba tó bí i pàápàá gbàgbé ọ̀nà ilé kó tó kú. Ifá kò sọ pé òun ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kì í ṣe òun. Àìmọ̀ náà gan-an ló wá di ìyà fún àwọn tó kù. Ẹni méje tó ń gbé pọ̀, oníkálukú ń ṣọ́ ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbàgbé ibi tó fi àpò rẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu gbogbo wọn. Bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ, kò sí ẹni tó ń kí i ní pẹ̀lẹ́. Wíwò ni wọ́n ń wò ó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ògúnmákin gbé igbá omi, ọwọ́ rẹ̀ tutù, igbá náà yọ̀ bọ́. Ó fọ́. Ó tẹ̀ ba láti ṣa á. Nígbà tó gbé ojú sókè, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀kan lára wọn fa ẹní rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀.

Ògúnmákin dìde. Ó gba ọ̀nà odò lọ.

Ọ̀sán gangan ni. Ó dúró sí òdì kejì, ó sì kígbe orúkọ tó ti búra pé òun kò ní í pè mọ́.

"Abẹ́fẹ́! Ẹ̀gbọ́n mi! Ọmọ ìyá mi o!"

Abẹ́fẹ́ sáré wá, ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Omi odò náà kò ju orúnkún lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n Ògúnmákin kò fi ẹsẹ̀ kàn án.

Ó ní, "Olúọdẹ, ṣé mo lè sọdá?"

Ẹ rántí pé ọdún kẹta rèé tí ọkùnrin yìí ti ń pe ara rẹ̀ ní Olúọdẹ.

Ọdẹ́níran ní, "Sọdá. Ọ̀bẹ rẹ, àpò rẹ, aṣọ tí o fi ń ru ẹran, fi wọ́n sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìwọ nìkan ni a fẹ́."

Ó bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Abẹ́fẹ́ tú ìborùn rẹ̀, ó na án sí i láti inú omi. Bó ṣe wọ ìlú nìyẹn, ìborùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi bora.

Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ awo. Kò jókòó tán tó fi béèrè, "Ṣé yóò pa mí?"

Awo ní, "Ìbéèrè tí àna rẹ béèrè lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn nìyẹn, èsì rẹ̀ kò sì yí padà. Èyí tí o ti jẹ, o ti jẹ ẹ́. Ẹbọ kì í mú oúnjẹ jáde nínú ikùn. Ṣùgbọ́n ẹbọ a máa ti ilẹ̀kùn tó kù. Ifá ní kí o padà sí òdì kejì pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ. Kí ẹ ṣa gbogbo eegun tí ẹ fọ́n ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sin ín. Kí ẹ ta màrìwò yí ilẹ̀ náà ká, kí ẹnikẹ́ni má ṣọdẹ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dáko níbẹ̀, títí àwọn ọmọ yín yóò fi di àgbà. Lẹ́yìn náà, kí o máa jẹun, kí o máa sùn, kí o máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà kò ní ọwọ́ tí yóò fi ṣiṣẹ́."

Ògúnmákin gbẹ́bọ, ó rúbọ. Òun àti àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣa eegun láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí di ìgbà ìkórè. Ọdẹ́níran sọdá lọ bá wọn lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọkọ́ rẹ̀. Ògúnmákin ní kí àna òun padà, pé iṣẹ́ ìyà ni. Ọdẹ́níran ní, "Kí lo rò pé wọ́n ń pè mí ní Asìnkú-Ẹran fún? Ta ló tún mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ?" Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn méje náà rẹ́rìn-ín láti òṣù púpọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ọdún mẹ́ta náà pé, àwọn ọdẹ kò tíì gbójúgbóyà wọ igbó. Ọ̀rọ̀ náà wá láti ibi tí wọn kò fọkàn sí. Abẹ́fẹ́ lọ sí oko ẹ̀wà rẹ̀ ní òwúrọ̀ kan. Ó bá ìdajì ewé ẹ̀wà rẹ̀ ní jíjẹ. Abo àgbọ̀nrín méjì àti ọmọ wọn wà láàárín poro. Ara wọn ń dán. Etí wọn dúró ṣánṣán. Abẹ́fẹ́ pariwo lé wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n já wọ inú igbó, wọn kò wẹ̀yìn.

Abẹ́fẹ́ sáré wọ ìlú láìgbé agbọ̀n rẹ̀.

"Wọ́n sá o! Ẹ̀yin ará, wọ́n jẹ mí lẹ́wà, wọ́n sì sá fún mi!"

Gbogbo ìlú jáde. A kò rí ibi tí wọ́n ti jẹ obìnrin ní ẹ̀wà tó sì ń jó rí. Àwọn ọdẹ jó, àwọn obìnrin apọnmi jó. Ọdẹ́níran yin awo rẹ̀, awo yin Ifá. Nígbà tí wọ́n pa àgbọ̀nrín àkọ́kọ́, èyí tó sáré dáadáa kí ọwọ́ tó bà á, Ògúnmákin ló béèrè bóyá kí wọ́n gbé orí rẹ̀ lọ sí ilé Olúọdẹ. Ọdẹ́níran ní ọdún mẹ́ta ti kọ́ òun pé òun lè jẹ́ Olúọdẹ láìjẹ orí. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ ni wọ́n ń fún ní orí àti eegun ẹ̀yìn àgbọ̀nrín ní Ìdí-Arère. Apá ni wọ́n ń gbé fún Olúọdẹ. Oyè náà kò dín kù.

Ògúnmákin pẹ́ láyé. Irun rẹ̀ funfun, eyín rẹ̀ ká, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ó jẹ́rìí pé ẹran náà kì í pa ènìyàn, ó máa ń sọ pé òun kò mọ̀, àti pé òun kò fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni mọ̀. Ní Ìdí-Arère, títí tí gbogbo àwọn tí mo dárúkọ fi di àgbà tó sùn, kò sí ẹni tí àrùn àgbọ̀nrín wọ ilé rẹ̀.

Àwọn kan á wá béèrè pé, bí kò bá ní í ṣe ènìyàn ní nǹkan tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹbọ náà kò wá di asán? Ifá ní kò di asán. Igbó wọn yè. Ẹran wọn yè. Ọmọ ìyá méjì tún jẹun nínú ilé kan. Ẹni tó gbọ́ ìkìlọ̀ tó sì rúbọ, kò ní í mọ iye ibi tó yẹ̀ lórí rẹ̀, kò sì nílò láti mọ̀ ọ́n. Ibi tí kò ṣẹlẹ̀ kì í ní ẹlẹ́rìí. Àlàáfíà tí ẹ bá nílé ni ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹ rú ẹbọ nígbà tí ewu ṣì wà lókèèrè. Ìgbà yẹn ni ẹbọ fúyẹ́ láti gbé.